Ọ́ìlì Tó Ń Kán Lábẹ́ Ọkọ̀ Mi

Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ ara mi nínú àgbàlá ilé wa ní Belleville, àdúgbò kan ní Bouaké ní Ivory Coast, tí mo ń wá ibi tí ọ́ìlì ti ń jò. Ó ti pé ọdún mélòó kan tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Mo kọ́kọ́ sọ ọjọ́ orí mi kí ẹni tó ń kà á má baà rò pé àìgbọ́n èwe ló ṣe mí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbà ni mí, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe, tàbí kí n sọ ọ́ bó ṣe yẹ: mo rò pé mo mọ̀ ọ́n.

Kí n tó sọ ti ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tí ọkọ̀ náà fẹ́ lọ gbé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi jù mí lọ. Ìyá wa kú ní Ghana nígbà tí mo ṣì kéré, òun ló sì gbà mí tọ́. Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ kó kúrò ní Ghana lọ́dún 1969, tí àwọn kan padà sílé, tí àwa forí lé ibí, ọwọ́ rẹ̀ ni mo dì mú. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí, mo ti tó ẹni tó ń tijú kí wọ́n máa fà á lọ́wọ́ láàrin ọjà, ṣùgbọ́n kò fi mí sílẹ̀ títí a fi wọ Bouaké. Lẹ́yìn náà ló lọ́kọ. Oníṣòwò ará ìhà Ọ̀yọ́ kan tó ń tajà ní Béoumi, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Bouaké, ló fẹ́ ẹ. Níbẹ̀ ló ti ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja adágún Kossou, tó ń yan án, tó ń tà á. Ẹja yíyan yẹn ló fi rán mi ní ilé ìwé. Títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, òórùn èéfín kò kúrò lára àwọn aṣọ tó ń fi ránṣẹ́ sí mi.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ojú òsì ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Àìsàn kan ni, tí kì í dunni, tí kì í mú ojú pọ́n, ṣùgbọ́n tó ń jí ìríran gbé díẹ̀díẹ̀. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé omi inú ojú kò rí ọ̀nà jáde bó ṣe yẹ mọ́, ó sì ń tẹ iṣan tí a fi ń ríran títí iṣan náà yóò fi kú. Ohun tó bá ti kú níbẹ̀ kò ní jí mọ́. Ojú ọ̀tún ṣì ń ríran díẹ̀. Ó lè mọ àwọ̀ aṣọ, ó sì lè mọ ojú ọmọ ọmọ rẹ̀ bí ọmọ náà bá sún mọ́ ọn. Iṣẹ́ abẹ lè dá èyí tó kù dúró. Ẹni tó mọ iṣẹ́ abẹ náà kì í gbé Bouaké. Ó máa ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ méjì péré ló sì ń lò kó tó lọ sí ìlú mìíràn. Wọ́n kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ fún Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Nọ́ọ̀sì tó kọ ọ́ sọ fún mi pé, "Bàbá, ẹni tí kò bá dé, a ó fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àwọn tó ń dúró pọ̀."

Ó di dandan kí n lọ mú un fúnra mi. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọ̀dọ̀ àwọn àbúrò ọkọ ló ń gbé. Nínú ìdílé tiwa, bí opó bá fẹ́ kúrò nílé ọkọ lọ gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ àwọn ará ilé tirẹ̀, a kì í fi í ránṣẹ́ bí ẹrù. Ọmọ ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá, kó jókòó, kó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àna, kí wọ́n ṣàdúrà, kí wọ́n tó fà á lé e lọ́wọ́. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Èmi ni mo fi tèmi kún un. Mo sọ fún àwọn àna náà pé ọkọ̀ mi ni n óò gbé wá.

Ọkọ̀ náà ti dàgbà. Mo ti rà á ní àlòkù kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú ìwé. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù mélòó kan tí ọ́ìlì ti ń kán lábẹ́ rẹ̀. Mo fi agolo wàrà gbà á, mo ń dà á nù ní àràárọ̀, mo sì ń fi tuntun kún ẹ́ńjìnnì. Ní Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, mo wo agolo, ó ti kún dé ẹnu. Mo pinnu pé kò yẹ kí n gbé ọkọ̀ tó ń jò lọ sílé àna. Mo pinnu pé èmi fúnra mi ni n óò tún un ṣe, nílé.

Ìyàwó mi ń gbá àgbàlá. Ó dá ọwọ́ dúró.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ gba takisí lọ, kí ẹ gba takisí bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù."

"Ọkọ̀ wà nílé, kí n wá máa gba takisí?"

"Èyí tó wà nílé yẹn ń ṣu káàkiri bí ewúrẹ́."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ tún un ṣe."

"Ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì nígbà náà. Àbí ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ yìí ṣe ìyàwó kejì ni, tí ẹ ò fẹ́ kí ọkùnrin mìíràn fọwọ́ kàn án?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì lọ ra ohun tí mo nílò. Mo ra ọ́ìlì tuntun, mo ra jùẹ́ǹ, ìyẹn rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sáàrin irin méjì kí ọ́ìlì má baà gba ibẹ̀ jáde, mo sì ra pátì pupa inú ike tí wọ́n ń tẹ̀ bí ọṣẹ ìfọyín, èyí tí wọ́n ń fi lẹ̀ ẹ́. Mo gba sípánà lọ́wọ́ aládùúgbò. Mo kọ gbogbo iṣẹ́ náà sínú ìwé ní ẹsẹẹsẹ, láti orí títú dé orí dídè, bí mo ṣe máa ń kọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí n tó wọ kíláàsì.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti wà lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí mo rí bàtà ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ìyàwó mi ti pe mẹkáníìkì láì sọ fún mi. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Àdúgbò Sokoura ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ẹ̀yà Dioula ni bàbá rẹ̀, ọmọ Yorùbá ni ìyá rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ tèmi lọ. Mo ti kọ́ ọ rí. Kò mọ àpèkọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a ń pè kí wọ́n kọ, mo sì ní kó tún kíláàsì náà ṣe. Ó ti tó ẹni ogójì ọdún báyìí, ó ti nírun funfun ní àgbọ̀n, ṣùgbọ́n Mẹ́tìrì ló ṣì ń pè mí, bí àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe ń pe olùkọ́ ní ìlú wa.

"Ẹ káàárọ̀, Mẹ́tìrì. Ẹ̀yin náà ti di mẹkáníìkì? Ẹ fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu wa ni?"

"Mo kọ́ ọ ní ìṣirò. Èwo ló wá le nínú nọ́ọ̀tì méjìdínlógún?"

"Kò le. Ẹ jáde wá, ká jọ wo òkè."

"Ìsàlẹ̀ ló ti ń jò."

"Ìsàlẹ̀ ló ti ń kán, Mẹ́tìrì. Ibi tí nǹkan ti ń kán lè má jẹ́ ibi tó ti ń jò. Ọ́ìlì kì í gòkè, sísọ̀ ló ń sọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi gáásóìlì fọ ara ẹ́ńjìnnì náà mọ́ tónítóní, ká nù ún gbẹ, ká tàn án, ká máa wò ó láti òkè wá sísàlẹ̀. Ibi tó bá kọ́kọ́ tutù, ibẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ tó yé ọmọdé ni. Bí mo ṣe dùbúlẹ̀ yẹn, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "O kò béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé tán kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi níṣẹ́." Ó bẹ̀bẹ̀, ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kó má ṣèyọnu, pé mo ti bẹ̀rẹ̀ ná, n óò sì parí rẹ̀.

Kò bínú. Ó lọ sí ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀, ó tú irin méjì sílẹ̀, ó gbé wọn sábẹ́ ọkọ̀ ní ọ̀tún àti òsì kí ọkọ̀ má baà wó lù mí bí jáàkì bá yẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lóṣòó, tó ń wojú mi lábẹ́ ibẹ̀.

"Mẹ́tìrì, tí ẹ bá fẹ́ fi pátì sí i, ẹ fi díẹ̀. Tínínrín bí òwú, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Èyí tó bá pọ̀ jù, inú ló ń wọ̀."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ gbọ́ ọ, àbí ẹ gbọ́ ọ bí èmi ṣe máa ń gbọ́ tiyín nígbà náà?"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Mo tú ọ́ìlì dànù sínú abọ́. Mo tú àwo irin tó gba ọ́ìlì dúró lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan tí mo bá tú, mo ń gún un mọ́ páálí tí mo ti ya àwòrán àwo náà sí, kí olúkúlùkù lè padà sí ihò tirẹ̀. Iṣẹ́ náà le fún ọrùn àgbàlagbà. Iyanrìn ń já sí mi lójú, ọ́ìlì dúdú sì ń ṣàn gba apá mi dé abíyá. Òjò ti ń ṣú láti àárọ̀, tí kò rọ̀, tí kò sì lọ. Mo fi ọ̀bẹ ha jùẹ́ǹ àtijọ́ kúrò, ó ti gan bí èèpo igi. Ó tó wákàtí méjì kí irin náà tó mọ́ bí mo ṣe fẹ́.

Ibi pátì ni mo ti ṣe àṣìṣe tí ó burú jù, n kò sì lè sọ pé wọn kò kìlọ̀ fún mi. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń sọ ohun tó bá ṣe pàtàkì. Ẹ̀ẹ̀kan fún ẹni tó ń gbọ́, ẹ̀ẹ̀kan fún ẹni tó ń wo ojú fèrèsé. Bí mo ṣe ṣe pátì náà nìyẹn. Mo fi sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo fi sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo wò ó, mo rò pé òwú ti mẹkáníìkì yẹn kéré, mo tún fi kún un. Nígbà tí mo dè é le, pátì pupa fún jáde yí àwo náà ká. Inú mi dùn. Mo sọ nínú ara mi pé ibi tí pátì ti ń yọ síta báyìí, ọ́ìlì kò ní rí ọ̀nà gbà. N kò bi ara mi pé bó bá yọ síta tó báyìí, báwo ni èyí tó yọ sínú yóò ṣe pọ̀ tó.

Ètò mi ni pé kí n lọ sí Béoumi ní ọ̀sán Ọjọ́rú, kí ẹ̀gbọ́n mi sùn lọ́dọ̀ wa, kí a jí lọ sí ilé ìwòsàn ní ìrọ̀rùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo rọ ọ́ìlì tuntun sí i, mo tẹ́ bébà funfun sábẹ́ rẹ̀, mo tan ẹ́ńjìnnì. Kò pẹ́, ẹ̀kán kan já sórí bébà. Òmíràn tẹ̀ lé e.

Mo jókòó sórí àpótí fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo dìde, mo gbé iná tọ́ọ̀ṣì, mo wo òkè ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì wà níbẹ̀. Abẹ́ ìdérí òkè pátápátá ló ti ń jáde, tó ń ṣàn gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì níbi tí ojú kò tó, tó wá ń kán láti ìsàlẹ̀. Àwo tí mo tú fún odidi ọjọ́ kan kò ṣe nǹkan kan. Ó yẹ kí n pe mẹkáníìkì nígbà yẹn. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò mí. Mo tú ìdérí náà, mo lọ ra jùẹ́ǹ tirẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán pọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù.

"Àbúrò, mo ti di ẹrù mi láti àná. Ṣé o ti ń bọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ọkọ̀ ló kù díẹ̀."

"Ṣé títún lo ń tún un ṣe ni, àbí o ń bí i?"

"Ìdájí ọ̀la ni n óò wá. A ó dé kí aago mẹ́wàá tó lù."

"Ó dáa. Ìwọ lo mọ aago. Èmi mọ̀ pé bó o bá ní o máa wá, o máa wá."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo tún tẹ́ bébà mìíràn, mo tan ọkọ̀ náà fún wákàtí kan. Bébà náà funfun báláú. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́," ó sì wọlé lọ.

Mo kúrò nílé ní ìdájí Ọjọ́bọ̀. Òjò ti rọ̀, ọ̀nà ti bàjẹ́ láwọn ibì kan, ṣùgbọ́n ọkọ̀ lọ dáadáa. Àwọn àna gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó dàgbà jù ṣàdúrà pẹ́. Ó wá mú ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó fi sínú tèmi, ó ní, "Tíṣà, ìwọ la fà á lé lọ́wọ́. A kò fà á lé awakọ̀ kankan lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ la ó ti béèrè rẹ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A gbéra ní aago méje àbọ̀ kọjá díẹ̀. Àkókò ṣì wà.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wọ aṣọ àdìrẹ tí kì í sábà wọ̀. Ó ń sọ fún mi ohun tó fẹ́ fi ojú rẹ̀ ṣe bí wọ́n bá tún un ṣe tán. Kò pọ̀. Ó fẹ́ máa ṣa òkúta inú ìrẹsì fúnra rẹ̀, kí ìyàwó ọmọ má máa ṣe é fún un.

A ti rìn tó ìdajì ọ̀nà nígbà tí iná pupa ọ́ìlì tàn níwájú mi. Mo dúró. Mo fa irin ìwọn ọ́ìlì jáde, mo nù ún, mo tì í bọ̀ ọ́, mo tún fà á jáde. Ọ́ìlì pé dé ojú àmì. Mo kúnlẹ̀, mo wo abẹ́ ọkọ̀, ó gbẹ. Mo wá ronú bí ẹni tó ń ṣe ìṣirò: ọ́ìlì pé, kò jò, a jẹ́ pé wáyà iná ló ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe iye ọ́ìlì ni iná yẹn ń wò. Agbára tí ọ́ìlì fi ń yí ẹ́ńjìnnì ká ló ń wò. Mo ti kà á rí. Mo gbàgbé, tàbí kí n sọ pé n kò fẹ́ rántí.

"Kí ló dé?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Iná kékeré kan ni. Irọ́ ló ń pa."

A tún rìn díẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, etí rẹ̀ a máa mú.

"Àbúrò, ta ló ń fi ṣíbí lu ìkòkò nínú ọkọ̀ rẹ?"

"Òkúta ojú ọ̀nà ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Òkúta kì í lù léraléra báyẹn."

N kò tíì dá a lóhùn tí ẹ́ńjìnnì fi ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí irin tó ya, tí ọkọ̀ sì gbọ̀n, tó dákẹ́. Mo darí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Kò sí ohun tó mì níbẹ̀ mọ́. Koríko ga ní ọ̀tún àti òsì wa, kò sí ilé nítòsí. Aago mẹ́jọ àbọ̀ ti kọjá.

Mo dúró sójú ọ̀nà, mo ń na ọwọ́. Àwọn ọkọ̀ èrò tó ń kọjá kún. Nígbà tó yá, gbákà kan, ìyẹn bọ́ọ̀sì èrò kékeré, dúró. Awakọ̀ yọrí síta, ó fi èdè Dioula sọ pé àyè ẹnì kan ṣoṣo ló wà, pé ẹni tó wà níbẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní abúlé tó wà lẹ́yìn. Ó ní kí màmá wọlé, pé òun yóò gbé e dé ibùdókọ̀ Bouaké.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣí ilẹ̀kùn. "Jẹ́ kí n lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin nìkan? Ta ni yóò mú yín dé ilé ìwòsàn?"

"Màá béèrè. Mo ní ẹnu."

Mo wo awakọ̀ náà, mo wo àwọn èrò inú gbákà. N kò mọ ẹnì kan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ àna mi ṣì wà létí mi, pé wọn kò fà á lé awakọ̀ kankan lọ́wọ́. Mo ní, "Rárá. A ó jọ lọ." Awakọ̀ náà mi orí, ó lọ.

Fóònù wà lápò mi. Mo lè pe ìyàwó mi kó lọ dúró dè é ní ibùdókọ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan ni. Mo ṣe ìlérí fún àna, mo sì mú un ṣẹ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. N kò rántí fóònù yẹn títí gbákà náà fi pẹ́ lọ.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó iṣu ló gbé wa nígbà tó yá, ó sì ń dúró ní gbogbo ibi tó ti ní oníbàárà. A dé ilé ìwòsàn nígbà tí oòrùn ti wà láàrin orí. Nọ́ọ̀sì tó kọ orúkọ wa jáde wá. Ó wo ṣòkòtò mi tó ti di ẹrẹ̀ àti ọ́ìlì, ó wo aṣọ ẹ̀gbọ́n mi. Kò jágbe mọ́ wa.

"Bàbá, a pè yín, a pè yín. Aago mọ́kànlá la fi bàbá kan rọ́pò. Òun ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sí ìparí ti ọjọ́ kejì, ó ní òun kò ṣèlérí. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta ló kù níwájú wa nígbà tí dókítà bọ́ aṣọ iṣẹ́, tó sì wọ ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé kí ni wọ́n wí. Mo sọ fún un. Ó ní, "Bàbá tí wọ́n fi rọ́pò mi lánàá ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ tirẹ̀ dáa?" Mo ní wọ́n ní ó dáa. Ó ní, "A dúpẹ́. Ojú ẹnì kan ṣáà là."

Ní Sátidé, mẹkáníìkì fi ọkọ̀ tirẹ̀ fa ọkọ̀ mi wálé. Ó dùbúlẹ̀ síbi tí mo dùbúlẹ̀ sí, ó tú àwo ìsàlẹ̀ náà. Ó pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tó jáde, ó mú asẹ́ kékeré kan dání, èyí tí ọ́ìlì ń gbà kọjá kó tó gòkè lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Pátì pupa ti dí i. Àwọn ègé rẹ̀ wà nínú rẹ̀ bí ata tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ọ́ìlì wà nílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà gòkè. Irin ń ha irin títí wọ́n fi gan pọ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ fi pátì sí i, Mẹ́tìrì?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì."

Ó gbé asẹ́ náà kalẹ̀ sórí bébà, jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin. Mo retí pé yóò sọ pé òun wí fún mi. Bó bá sọ ọ́, ì bá tù mí lára. Ohun tó sọ ni pé, "Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ wọn dára." Ó wá béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n mi ti rí àyè mìíràn. Mo ní rárá. Ó nu ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó sípánà rẹ̀ jọ.

Dókítà náà padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Takisí la gbà lọ, a sì tètè dé. Ó tan iná sí ojú ẹ̀gbọ́n mi, ó wò ó títí, ó ní kò sí ohun tí iṣẹ́ abẹ yóò dá dúró mọ́. Ó béèrè ìgbà tí ìríran náà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un pé òun kò mọ ọjọ́ rẹ̀ gan-an, pé òun kàn jí lọ́jọ́ kan, òun rò pé ilẹ̀ kò tíì mọ́.

Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé báyìí, ní yàrá tó kọjú sí àgbàlá. Kò fi ọ̀rọ̀ náà bú mi rí. Bí àwọn àna bá pè láti béèrè rẹ̀, ó máa ń sọ fún wọn pé mo tọ́jú òun dáadáa. Mo ń gbọ́ ọ láti yàrá kejì. Mo ti ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń tú ọkọ̀ àtijọ́ sí wẹ́wẹ́. Mẹkáníìkì ṣì ń wá kí wa, èmi ni mo máa ń dìde fún un ní ìjókòó báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ṣe ẹ̀kọ́, nítorí n kò kọ ọ́ láti gba àánú yín. Bí ọkọ̀ yín bá ń jò, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ wá orísun rẹ̀ láti òkè kí ẹ tó tú ohunkóhun nísàlẹ̀, kí ẹ sì dúró lójú ẹsẹ̀ tí iná pupa bá tàn, bí ọ́ìlì tilẹ̀ pé. Bí ẹni tí ẹ kọ́ ní ìwé bá mọ iṣẹ́ tí ẹ kò mọ̀, ẹ jókòó síwájú rẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́. Bí ara ẹlòmíràn bá sì wà nínú ìlérí tí ẹ ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ẹni náà kí ẹ tó wo ìlérí.